Báṣé Peugeot 504 tí ó ti jókòó fún ọdún mẹ́fà: ṣé ó ṣeé rà?

Alágbàdo (Kétu)

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Àgbàdo, ẹ̀pà àti tòmátì ni mo ń kó láti oko lọ sí ọjà, owó tí mo ń san fún àwọn tí ó ń bá mi kó ẹrù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè mi tán. Ní ilé kan tí kò jìnnà sí Àkàbà Ìdèná, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, báṣé (ọkọ̀ tí ó ní àpótí ẹrù lẹ́yìn) Peugeot 504 kan wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọn kò gbé jáde mọ́ láti bí ọdún mẹ́fà, láti ìgbà tí ẹni tí ó ni ín ti ṣaláìsí. Ẹ́ńjìnnì ẹsánsì (bẹntiróò) lítà 1,8 ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ti gásúwáàlì (dísẹ̀lì). Ara rẹ̀ ṣì dára lójú, ṣùgbọ́n táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, kò sí bátìrì níbẹ̀ mọ́, irin tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé sì ti ń dípẹtà.

Àwọn ọmọ olóògbé ní 450 000 fàráǹkì ni àwọn yóò gbà. Àkọ́bí wọn sọ pé bí mo bá gbé bátìrì wá lọ́la, òun yóò tan án lójú mi. Ṣé kí n gbà? Kí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ wò, kí ni ẹ sì rò pé yóò gbà kí ó tó lè gbé ẹrù tọ́ọ̀nù kan láti Kétu dé Àjàṣẹ́?

Mẹkáníìkì Wàńdó (Àjàṣẹ́)

Àbúrò mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bátìrì sún mọ́ ọkọ̀ náà lọ́la. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti jókòó fún ọdún mẹ́fà, òróró ti ro kúrò lára ògiri sìlíńdà rẹ̀, ìpẹtà díẹ̀ sì lè ti mú àwọn òrùka písítìnì mọ́ ibi tí wọ́n dúró sí. Bí sítátà bá fi agbára yí i lójijì, òrùka lè ṣẹ́, tàbí kí ó ha ògiri sìlíńdà, ẹ́ńjìnnì tí òróró díẹ̀ àti sùúrù ìbá jí yóò sì wá di èyí tí a gbọ́dọ̀ tú palẹ̀. Olùtajà tí ó ń kánjú láti tan ọkọ̀, ariwo ni ó fẹ́ kí ẹ gbọ́, ariwo kò sì sọ ohun tí ó wà nínú.

Bí wọ́n bá gbà kí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ kọ́kọ́ fa ọ̀pá ìwọn òróró yọ kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dúdú, kò burú. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú òróró nìyẹn, iye tí wọ́n pè sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ gidigidi. Lẹ́yìn náà, ẹ tú bùjí (ohun tí ń tanná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ da òróró tí kò ki, ìwọ̀n ṣíbí ìjẹun kan, sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi àkísà mímọ́ bo àwọn ihò náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Kí gíá má ṣe wà lójú kankan. Kí ẹ wá fi sípánà ńlá mú nọ́ọ̀tì tí ó wà níwájú ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, níbi tí bẹ́líìtì ń gbà yí, kí ẹ fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, síwájú àti sẹ́yìn. Bí kò bá mì, ẹ tún da òróró sí i, kí ẹ padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ má fi páìpù gígùn kún ọwọ́ sípánà láti fi agbára ṣe é.

Bí ó bá ti yí ká, ẹ ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan máa yí i, kí ẹ sì máa wò bóyá gbogbo fáàfù ń sọ̀ tí wọ́n sì ń gòkè. Èyí tí ó bá lẹ̀ mọ́ ibi tí ó wà yóò tẹ ọ̀pá tí ń tì í bí ẹ bá tan ọkọ̀ láìtú u sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ òróró àti fílítà rẹ̀ ni bátìrì tó kàn, bùjí kò sì gbọdọ̀ tíì padà sípò: ẹ fi sítátà yí i ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀díẹ̀ títí iná òróró tí ó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi kú. Ìgbà náà ni òróró ti dé gbogbo ibi tí ó yẹ kí ó dé.

Àgbẹ̀ Òkè (Sábẹ̀ẹ́)

Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí Mẹkáníìkì sọ, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé a ń fi ọgbọ́n púpọ̀ lé ọkọ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, bí ọkọ̀ bá ti jókòó pẹ́, a máa ń so ó mọ́ tírákítọ̀, a óò fi í sí gíá kẹta, a óò sì fà á títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbà. Bí ó bá jí, ó jí. Bí kò bá jí, a mọ̀ pé irin àlòkù ni.

Lójú tèmi pàápàá, 504 kọ́ ni ó yẹ kí àgbẹ̀ máa wá kiri mọ́. Bí mo ṣe ń kó iṣu àti kajú láti oko wá sí ìlú, Toyota Hilux tí ó ń lo gásúwáàlì, èyí tí orúkọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ́ 2L, ni mo fi ń ṣe é. Kò ní bùjí tí ń tanná, kò ní kábúrétọ̀, òjò kò sì lè pa á lójú ọ̀nà. Ẹ fi owó yín pamọ́ títí ẹ óò fi rí ọ̀kan.

Ọmọ Ìlàrá

Ẹ̀gbọ́n Àgbẹ̀ Òkè, Hilux dára, kò sí ẹni tí yóò jiyàn, ṣùgbọ́n Hilux tí ẹ ń wí kò sí ní 450 000, bí ó bá sì wà, ẹ wo ohun tí ó ṣe é. Ẹ tún rántí pé ẹ́ńjìnnì 2L ní bẹ́líìtì rọ́bà kan nínú, tí ń yí igi káàmù (igi tí ń ṣí fáàfù), tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ní 100 000 kìlómítà. Bí Hilux bá jókòó fún ọdún mẹ́fà, bẹ́líìtì náà gbó níbi tí ó jókòó sí, bí ó bá sì já nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, písítìnì àti fáàfù yóò kọlu ara wọn. Ẹ́ńjìnnì ẹsánsì 504 kò ní irú bẹ́líìtì yẹn. Ṣéènì irin ni ó ń yí igi káàmù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ohun èlò ni ó tún kù. Ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, wọ́n sì ń to 504 níbẹ̀ títí di àwọn ọdún 2000, nígbà tí wọ́n ti ṣíwọ́ rẹ̀ tipẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ìdí nìyẹn tí ohun èlò rẹ̀, tuntun àti àlòkù, fi kún ọjà òdìkejì ibodè, láti Abẹ́òkúta títí dé Ládìípọ̀ ní Èkó. Ẹni tí ó ń gbé Kétu kò jìnnà sí orísun. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ra: ohun tí ó bá 504 tí a fi ń gbé ènìyàn mu kì í sábà bá báṣé mu ní ẹ̀yìn, nítorí irin gbọọrọ kan àti súpíríìnì pẹlẹbẹ alábala ni báṣé fi ń ru ẹrù, nígbà tí ọ̀pọ̀ èyí tí ń gbé ènìyàn ń lo súpíríìnì lílọ́. Ẹ má fi owó ra nǹkan ẹ̀yìn láìmú ti àtijọ́ dání.

Mẹkáníìkì Wàńdó (Àjàṣẹ́)

Fífi tírákítọ̀ fà á burú ju bátìrì lọ. Sítátà ní ìwọ̀n agbára, bí ó bá pàdé ohun tí ó le yóò dúró. Tírákítọ̀ kò mọ̀ pé ohun kan ń ṣẹ́. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti kú tí a sì fi okùn so mọ́ ẹ̀yìn tírákítọ̀, ẹ̀mí ẹni tí ó jókòó sí ìdí ọwọ́ ọkọ̀ wà nínú ewu. Àwọn tí ó jí lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń rántí, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tí kò jí ti di irin tí a ń tà ní kílò.

Ìyá Gàrí (Pobẹ̀)

Ẹ ti bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì báyìí, ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ti kú. Àwọn ọmọ ni ó ń tà á. Ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé? Ṣé gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ tà á, àbí àkọ́bí nìkan? Èmi kò ní san fàráǹkì kan kí n tó rí gbogbo wọn lójú kan náà.

Akọ̀wé (Àjàṣẹ́)

Ìyá wa ti fọwọ́ kan ibi tí ó ń dunni jù. Níwọ̀n ìgbà tí káàtì gríìsì (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀) bá ṣì wà lórúkọ olóògbé, ìwé ìtajà tí àkọ́bí bá dá fọwọ́ sí kò tó. Kí àwọn ẹbí ṣe ìpàdé ẹbí, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, kí wọ́n dárúkọ ẹni tí wọ́n yàn láti ta ohun ìní náà, kí ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí ìwé náà. Ìwé yìí ni ẹ óò so mọ́ ìwé ìtajà nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí káàtì gríìsì sí orúkọ yín lọ́dọ̀ ANaTT, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Láìsí i, ọkọ̀ lè wà lọ́wọ́ yín kí ó má sì jẹ́ tiyín, àbúrò olóògbé kan tí ó wà ní ìlú mìíràn sì lè dé lọ́dún tí ń bọ̀ láti wá gbà á pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ ti ná lé e lórí.

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó rárá, ẹ gba ẹ̀dà káàtì gríìsì náà, kí ẹ sì lọ fi nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára ṣásì wé èyí tí ó wà nínú ìwé, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ibẹ̀ bí ìpẹtà bá bò ó. Ẹ béèrè bákan náà bóyá owó TVM (owó orí ọkọ̀) ti àwọn ọdún wọ̀nyí wà nílẹ̀, kí ẹ lè mọ ẹni tí yóò san án, ẹ̀yin tàbí àwọn. Bí wọ́n bá sọ pé ìwé ti sọnù, kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ni kí ó lọ gba òmíràn kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ yín.

Ẹ má sì rò pé ẹ óò wà á lọ sílé ní ọjọ́ tí ẹ bá rà á. Láìsí ìwé àyẹ̀wò CNSR (ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń yẹ ọkọ̀ wò) àti ìwé ìdójútòfò, kò gbọdọ̀ gorí ọ̀nà. Ẹ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì ti ka owó yẹn mọ́ iye tí ẹ óò dúnàádúrà lé lórí.

Alágbàdo (Kétu)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N kò gbé bátìrì lọ. Mo bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀, wọ́n jẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan wà ní Kútọnu, wọ́n sì gbà láti ṣe ìpàdé ẹbí náà kí a tó dé orí owó. Káàtì gríìsì wà, nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ṣásì mu.

Wọ́n gbà kí n mú ọmọ mẹkáníìkì kan dání. Òróró dúdú ni, kò funfun. A da òróró sí ihò bùjí, a fi í sílẹ̀, nígbà tí a sì padà, ẹ́ńjìnnì yí pẹ̀lú ọwọ́, ó le díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì wá ń rọ̀. Fáàfù gbogbo ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n rẹdíétọ̀ ṣófo, omi pupa díẹ̀ ni ó kù nísàlẹ̀, táńkì ẹsánsì sì ń rùn bí ọ̀dà kíkún. Eku ti jẹ wáyà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọmọ mẹkáníìkì náà ní kí a da ẹsánsì díẹ̀ sí ẹnu kábúrétọ̀ kí a gbìyànjú rẹ̀, mo ní kí ó dúró kí n kọ́kọ́ béèrè.

Awakọ̀ Àtijọ́ (Kétu)

Ó dára tí ẹ dúró. Mo ti wa báṣé pẹ́ ní ọ̀nà Kétu sí Pobẹ̀ títí dé Àjàṣẹ́, nígbà tí ọ̀dà kò tíì dé gbogbo ibẹ̀, mo sì mọ òórùn tí ẹ ń sọ. Ẹsánsì tí ó bá pẹ́ nínú táńkì, apá tí ó fúyẹ́ nínú rẹ̀ yóò fò lọ, èyí tí ó kù yóò ki, yóò sì máa lẹ̀ bí oje igi. Bí ẹ bá da tuntun lé e lórí, gbogbo ìdọ̀tí náà ni pọ́ǹpù yóò fà lọ sínú kábúrétọ̀. Ẹ tú táńkì kúrò, ẹ da èyí tí ó wà nínú rẹ̀ nù síbi tí kò ní ba kànga jẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wo inú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Súdẹ́ẹ̀ (ẹni tí ń fi iná jó irin pọ̀) kankan kò gbọdọ̀ fi iná kan táńkì tí ó ti gba ẹsánsì rí bí kò bá tíì fọ̀ ọ́ dáadáa tí ó sì rọ omi kún un.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ óò tan án, kí táńkì ọkọ̀ má ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ẹ so rọ́bà tuntun kan láti inú kẹ́ẹ̀gì kékeré tí ó mọ́ lọ sí ẹnu pọ́ǹpù. Ẹsánsì ilé epo ni kí ẹ lò, kí ó má ṣe jẹ́ kpayo, epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Gbogbo wa ni a ń lo kpayo, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń wúkọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ kò ní mọ̀ bóyá epo ni ó burú tàbí ọkọ̀.

Ní ti rẹdíétọ̀, ẹ yọ tẹ́mósítáàtì (ohun tí ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná) sọnù. Oòrùn wa kò fẹ́ ẹ. Gbogbo báṣé tí mo wà ni a yọ ọ́ nínú wọn.

Mẹkáníìkì Wàńdó (Àjàṣẹ́)

Gbogbo ohun tí Bàbá Awakọ̀ sọ nípa epo ni mo gbà, àfi ti tẹ́mósítáàtì nìkan ni kí wọ́n forí jì mí. Ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀n ooru tí a ṣe é fún. Bí a bá yọ tẹ́mósítáàtì, yóò máa pẹ́ kí ó tó gbóná, yóò máa jẹ epo jù, òróró yóò dọ̀tí kíákíá. Ọkọ̀ tí ó ń gbóná jù nítorí pé rẹdíétọ̀ rẹ̀ dí, yíyọ tẹ́mósítáàtì kò wò ó sàn. Ó kàn sún ọjọ́ tí gásíkẹ́ẹ̀tì yóò jó síwájú ni. Ẹ fọ rẹdíétọ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà omi, kí ẹ fi tẹ́mósítáàtì tuntun sí i, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Omi pupa yẹn ni ó ń kọ mí lóminú. Orí ẹ́ńjìnnì yìí, alumíníọ́ọ̀mù ni. Omi kànga lásán tí ó dúró fún ọdún púpọ̀ máa ń jẹ ẹ́. Àwọn ṣẹ̀míìsì tí písítìnì ń sáré nínú wọn náà wà nínú omi gan-an, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kò jẹ́ kí omi ro sínú òróró. Nítorí náà, ẹ rọ omi mímọ́ kún un nísinsìnyí, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún fa ọ̀pá òróró yọ kí ẹ tó tan án. Bí omi bá ti dé ibẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí ẹ óò sọ fún àwọn ẹbí. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kò mọ̀: bí ẹnikẹ́ni bá ṣí orí ẹ́ńjìnnì náà, kò gbọdọ̀ yí i láìkọ́kọ́ fi irin àti nọ́ọ̀tì di àwọn ṣẹ̀míìsì mọ́lẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò gbéra, òrùka ìsàlẹ̀ yóò bàjẹ́, iṣẹ́ kékeré yóò sì di ńlá. Nígbà tí ohun gbogbo bá dára, ẹ lo omi tí a pèsè fún rẹdíétọ̀ dípò ti kànga.

Ní ti ọmọ mẹkáníìkì, ẹ sọ fún un pé ẹsánsì ní ẹnu kábúrétọ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ jẹ́ iná. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutọ́ padà, ojú ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀ ni yóò jó. Kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì nu plàtínẹ̀ẹ́ (irin kékeré méjì tí ń ṣí tí ń pàdé kí bùjí lè tanná) dáadáa, kí ó wo bùjí kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń tanná, kí ó sì tún wáyà tí eku jẹ ṣe kí ó tó so bátìrì, nítorí wáyà tí ó bó tí ó sì kan ara ọkọ̀ lè jó gbogbo rẹ̀.

Àgbẹ̀ Òkè (Sábẹ̀ẹ́)

Mo ti gbọ́ ti tírákítọ̀, ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin onímọ̀ ẹ́ńjìnnì, irin ilẹ̀ tí ó ń dípẹtà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ kò yà yín lẹ́nu bí? Ẹ́ńjìnnì ṣeé rà ní ọjà. Ṣásì tí ó jẹrà ni ikú ọkọ̀ ẹrù. Ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré, kí ẹ máa kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá níbi tí súpíríìnì ti so mọ́ ṣásì. Níbi tí irin bá ti le, ohùn rẹ̀ yóò dún. Níbi tí ó bá ti jẹrà, yóò kú tàbí kí òòlù wọlé. Ẹ mú òòfà dání fún ara rẹ̀ pẹ̀lú: kò ní lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n fi mástíìkì dí. Ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ nìkan, súdẹ́ẹ̀ yóò ṣe é láàárín ọjọ́ kan. Bí ó bá ti dé orí ṣásì, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá Gàrí (Pobẹ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, nítorí pé ẹ̀yin ọkùnrin kì í kà á pọ̀. Táyà mẹ́rin, bátìrì, rọ́bà bíréèkì, rẹdíétọ̀, wáyà, súdẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí yóò gbé e, ìwé. Kí Alágbàdo lọ béèrè iye ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọjà kí ó tó padà sọ́dọ̀ ẹbí, kí ó kọ ọ́ sí ojú ìwé kan, kí ó sì gbé e síwájú wọn. Ẹni tí ó ń ta ọkọ̀ òkú mọ̀ pé ó ti kú; àkójọ yẹn ni yóò mú kí ó gbà. Tí gbogbo rẹ̀ bá pọ̀ ju iye tí báṣé tí ó ń rìn ń lọ ní ọjà, kí ó ra èyí tí ó ń rìn.

Awakọ̀ Àtijọ́ (Kétu)

Mo ti gbọ́ ohun tí Mẹkáníìkì sọ nípa tẹ́mósítáàtì. A kò ní jà lórí rẹ̀.

Bíréèkì ni kò sí ẹni tí ó tíì fọwọ́ kàn dáadáa. Òróró bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ní ọdún mẹ́fà, omi náà ti dípẹtà sínú sìlíńdà gbogbo, rọ́bà inú wọn sì ti gbẹ. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ nínú ọgbà kí ó mú yín, kí ó sì já ní ọjọ́ tí ẹ bá kó àpò àgbàdo sẹ́yìn tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ pààrọ̀ sìlíńdà àgbà àti ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ọ́ọ̀sì rọ́bà, kí ẹ má ṣe fọ̀ wọ́n kí ẹ sì dá wọn padà. Kílọ́ọ̀ṣì náà lè ti lẹ̀ mọ́ irin tí ó fara tì. Bí gíá bá kọ̀ láti wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi agbára mú un, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì máa mi ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú gíá títí yóò fi já.

Táyà, ẹ má wo ojú rẹ̀ nìkan. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 2314 túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é ní ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014. Àwọn tí ń ta àlòkù mọ̀ bí a ṣe ń fi ohun dúdú kùn ún kí ó lè máa dán, wọn kò lè yí nọ́ńbà náà padà.

Alágbàdo (Kétu)

Mo ti fi òòlù kan ṣásì, ó le láti iwájú dé ẹ̀yìn, àfi ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ àti igun kan nínú àpótí ẹ̀yìn. Omi tí a rọ kò wọ inú òróró. Mo gbé àkójọ owó síwájú àwọn ẹbí gẹ́gẹ́ bí Ìyá Gàrí ti wí, wọ́n sì gba 300 000, tí n óò san lẹ́yìn tí ìwé ìpàdé ẹbí bá ti ilé ẹjọ́ jáde. Títí di ìgbà náà, ọkọ̀ yóò wà níbi tí ó wà, n kò sì ní ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Kábúrétọ̀ nìkan ni wọ́n gbà kí n tú lọ fọ̀.

Ọmọ Ìlàrá

Bí ẹ bá ti tú kábúrétọ̀, ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó ra gásíkẹ́ẹ̀tì àti abẹ́rẹ́ rẹ̀, nítorí pé Solex wà lára 504, Zenith náà sì wà, ti ọ̀kan kò sì wọ èkejì. Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ti sìlíńdà bíréèkì ẹ̀yìn. Èmi yóò sọdá lọ sí ọjà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, n óò bá yín béèrè iye méjèèjì.